Orin Méjì Tó Dá Ìjà Sílẹ̀ ní Yàrá Wa

Àròkọ ìtàn ni wọ́n bù fún mi lọ́tẹ̀ yìí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọ́ lórí ogun Kírìjì, àfi bí mo ṣe gbọ́ pé ẹni mẹ́ta ti kọ ọ́ ṣáájú mi. Ni mo bá ní kí n kọ nípa ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìtàn ló wà nídìí ìjà náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo sì fi wádìí rẹ̀.

Àwa mẹ́rin là ń gbé yàrá náà. Alhaji ń ka ìmọ̀ òfin, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, kò sì sí orin tó ń wọ̀ ọ́ létí ju fújì àti àpàlà lọ. Rọ́kà ń ka ẹnjiníà. Rọ́ọ̀kì ni tiẹ̀, gìtá tó máa ń ké bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ irin. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe pásítọ̀ rárá, ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ jinlẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣe ìsọ́ òru. Èmi ni wọ́n ń pè ní Onídùùrù, torí pé mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, mo sì fẹ́ràn orin kílásíkà.

Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, a ní eré kan tí a máa ń ṣe. "Gbọ́ Tèmi" là ń pè é. Ẹnì kan á gbé orin kan tó fẹ́ràn sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, kò sì ní sọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ títí tí yóò fi parí. Àwọn tó kù ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, wọn ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, wọn ò sì gbọdọ̀ ní kó sún un síwájú. Tó bá parí tán, kálukú á sọ ibi tó rò pé orin náà ti wá. Ẹ lè máa rò pé ó rọrùn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, kí ẹ jókòó nínú òkùnkùn kí ẹ gbọ́ orin tí ẹlòmíì fẹ́ràn dé ìparí.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Rọ́kà gbé tiẹ̀ sílẹ̀. Ìlù ló gbé e dìde, gìtá olóhùn wúwo tẹ̀ lé e, dùùrù oníná wọlé, àwọn kan sì ń ké ọ̀rọ̀ kan náà lákétúnké. Kò tíì dé ìdajì tí Alhaji ti dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Yorùbá nìyẹn!"

"Òfin! Òfin! O ti sọ̀rọ̀," Rọ́kà ń pariwo. Nígbà tí orin parí, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní "Jingo" lorúkọ orin náà, àwọn Santana ló kọ ọ́ ní 1969, ọmọ Mẹ́síkò tó kó lọ sí San Francisco ni olórí wọn. "Ọmọ Mẹ́síkò wo ló gbọ́ Yorùbá? Ẹ̀yin èèyàn yìí, gbogbo nǹkan lẹ fẹ́ fi ṣe tiyín."

Ó wá kàn mí. Mo gbé "Akinla" sílẹ̀. Kò sí ìlù nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọrin. Àwọn ohun èlò olókùn nìkan ni, fayolíìnì ńlá àti kékeré, pẹ̀lú háàpù. Kí ó tó parí, Rọ́kà ti ń bi mí pé ta ló kú. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn, torí ní ilẹ̀ wa yìí, tí rédíò bá ṣàdédé yí orin padà láàárọ̀ kùtù tí kò sì sọ ìdí, àwọn àgbà á ti máa bi ara wọn pé ta ló gbàjọba. Alhaji ní tòun, òyìnbó pọ́ńbélé ni, ó ní Mozart ni.

Mo ní ọmọ Abẹ́òkúta ló kọ ọ́. Mo tún ní "Jingo" tí Rọ́kà gbé sílẹ̀ yẹn, ọmọ ẹ̀bá Àgbádárìgì ló kọ́kọ́ kọ òun náà. Ni Rọ́kà bá ní irọ́ ni. A ta iyàn: ẹni tó bá pàdánù ni yóò máa pọn omi fún yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan, láti ibi kànga ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ dé òkè kẹta. Ẹ ti mọ àtẹ̀gùn ilé wa, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi.

Fẹlá Ṣówándé lorúkọ ọmọ Abẹ́òkúta náà. Kì í ṣe Fẹlá tí ẹ mọ̀ o. Wọ́n bí Ṣówándé ní 1905, ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó bí Aníkúlápó ní 1938. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa. Ìlú Èkó ni Fẹlá yìí ti kàwé, ibẹ̀ ló sì ti di ọmọ akọrin ní Cathedral Church of Christ ní Marina, lábẹ́ Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips.

Mi ò lè fo Phillips yìí kọjá. Láti 1914 títí di 1962 lòun ni onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ọdún méjìdínláàádọ́ta! Ní 1953 ó kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá. Ohun tó ń jà fún ni ohun tí èmi tí mò ń kọrin nínú akọrin mọ̀ dáadáa: àwọn tó túmọ̀ orin òyìnbó sí Yorùbá láyé ìjọhun túmọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ohùn orin sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ohùn orin bá ròkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wálẹ̀, ọkọ̀ á di ọkọ́, ọkọ́ á di ọkọ, ìjọ á sì máa fi tọkàntọkàn kọ ohun tí kò nítumọ̀. Phillips ní kí ohùn orin máa tẹ̀ lé ohùn ẹnu wa. Síbẹ̀ bàbá yìí kan náà ló ń tẹ Bach létí ọmọ Ṣówándé, tí ọmọ náà ń gbọ́ ọ tó sì ń fẹ́ ẹ.

Tó bá di alẹ́, Ṣówándé á bọ́ aṣọ akọrin. Ó ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ oníjó ní Èkó, jáàsì àti hàíláìfù ìgbà yẹn. Bach láàárọ̀, ijó lálẹ́. Mi ò rí i kà níbì kankan pé ó rò pé ọ̀kan ń ba èkejì jẹ́.

Nígbà tó di nǹkan bíi 1935, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kí ló fẹ́ lọ kà? Ẹnjiníà! (Rọ́kà, ṣé ò ń gbọ́?) Ẹnjiníà ò pẹ́ tó fi jákulẹ̀. Orin jáàsì ló fi ń jẹun. Ní 1936 òun ló tẹ dùùrù nínú "Rhapsody in Blue" ti Gershwin, iṣẹ́ tí ẹni tó bá mọ jáàsì nìkan tàbí kílásíkà nìkan ò lè ṣe é dáadáa. Ó bá Adelaide Hall ṣiṣẹ́, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn. Láàárín gbogbo èyí ló tún ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1943 ó gba oyè tó ga jù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn onídùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun ń lọ lọ́wọ́, bọ́ǹbù ń bọ́, ọmọ Ẹ̀gbá ń ṣe ìdánwò dùùrù. Lẹ́yìn náà ló di onídùùrù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó wà ní Kingsway Hall.

Ọdún tó tẹ̀ lé oyè yẹn, 1944, ló kọ "African Suite". Ẹ̀ka márùn-ún ló ní. Orin Ephraim Amu, àgbà olórin ilẹ̀ Gánà, ló fi ṣe ìpìlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Ìkejì sì jẹ́ ti àárò ilé. Ìkarùn-ún ni "Akinla", ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti dùn mọ́ mi jù. Hàíláìfù ni orin yẹn tẹ́lẹ̀! Orin ijó tí àwọn èèyàn ń jó ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Ṣówándé mú, ó bọ́ ìlù kúrò lára rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ ní fayolíìnì. Ẹ tún un gbọ́ pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ẹ ó rí i pé ìdí á fẹ́ẹ́ mì. Èyí tí Rọ́kà ń bi mí pé ta ló kú!

Ó padà wálé láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó di ọ̀gá ẹ̀ka orin nílé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ní 1956 ọba obìnrin fún un ní MBE. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, òun ni wọ́n ní kó kọ orin ńlá fún ayẹyẹ náà, ó sì kọ "Folk Symphony". Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó kọ́ni ní Howard, ní Pittsburgh, ní Kent State. Ìpínlẹ̀ Ohio ló kú sí ní 1987.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí "Akinla", torí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí orin yẹn tó jẹ́ pé tí n bá sọ ọ́ fún yín láìtíì wádìí, ẹ ó ní mo ń pìtàn ìjàpá. Ọkùnrin kan wà ní Kánádà tí ń jẹ́ Clyde Gilmour. Akọ̀ròyìn ni, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa wo sinimá kó sì sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ilé rẹ̀ kún fún àwo orin. Ní 1956, rédíò ìjọba Kánádà fún un ní ètò kan, "Gilmour's Albums". Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ò ju "Gbọ́ Tèmi" lọ. Ó ń kó àwo tó fẹ́ràn wá láti ilé, ó ń gbé wọn sílẹ̀ fún aráyé. Orin opera, orin jáàsì, orin eré, orin apanilẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ lórí ètò kan náà. Kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi ṣe é, títí di 1997, ọdún tó kú.

Orin wo ló fi ń ṣí ètò náà? "Akinla" ni.

Ẹ rò ó wò. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, òjò dídì ń bọ́ níta, ìyá kan ń gé àlùbọ́sà ní ilé ìdáná rẹ̀ ní Toronto, hàíláìfù etíkun wa á bọ́ sórí rédíò, ìyá náà á mọ̀ pé àkókò àwo orin ti tó. Àwọn ọmọ Kánádà tó ti dàgbà wà títí dòní tí wọ́n lè fi ẹnu họ orin yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú yàrá tiwa, ẹni mẹ́ta tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ní Mozart, ọ̀kan ní ta ló kú, ọ̀kan sùn.

Ó yá, ti Rọ́kà.

Àjídò ni wọ́n ti bí Bàbátúndé Ọlátúnjí ní 1927, ìlú apẹja lẹ́bàá Àgbádárìgì. Baptist Academy ní Èkó ló lọ. Òun àti ìbátan rẹ̀, Akínṣọlá Akiwowo, rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Rotary, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1950. Akiwowo yìí padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ àwùjọ ní Ifẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka sociology ti bá orúkọ rẹ̀ pàdé, ẹ tiẹ̀ ti fi lẹ́tà pupa gba máàkì rẹ̀ padà. Ọlátúnjí lọ sí Morehouse ní Atlanta, ó kọjá sí New York láti lọ ka ìmọ̀ ìṣàkóso ìjọba. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló fẹ́ dà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ nípa Áfíríkà sú u, ìlù ló sì fi ń dá wọn lóhùn.

Ní 1958 ó lùlù ní Radio City Music Hall. Wọ́n gbé e dé Columbia, àwo rẹ̀ "Drums of Passion" sì jáde ní 1960. Ẹ wo àwọn orúkọ tó wà lẹ́yìn àwo náà: "Akiwowo", "Odun De", "Kiyakiya", "Oyin Momo Ado", "Shango", àti "Jin-Go-Lo-Ba". Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń gbè é lórí àwo yẹn, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a kó àwọn baba ńlá èèyàn kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n tún jókòó kọ́ látẹnu ọmọ Àjídò. Àwo náà tà gan-an. Ní 2004, ilé-ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà kó o mọ́ àwọn ohùn tí wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó parun.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ọlátúnjí ṣe tó, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn olórin jáàsì. Lọ́dún 1960 yẹn kan náà ló bá Max Roach lùlù nínú "We Insist!", àwo tí wọ́n fi ń jà fún òmìnira àwọn aláwọ̀ dúdú. John Coltrane kọ orin kan ní 1962, ó fi "Tunji" sọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Ọlátúnjí ṣí ilé ẹ̀kọ́ àṣà Áfíríkà ní Harlem, Coltrane wá ṣeré níbẹ̀ ní April 1967. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Coltrane kú. Eré ọjọ́ yẹn ni èyí tó kẹ́yìn tí a rí gbà sílẹ̀ nínú eré ìta gbangba rẹ̀.

Nísinsìnyí, àtúnkọ. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ dárúkọ ni Serge Gainsbourg, ọmọ Faransé, tó gbé àwo kan jáde ní 1964. Ó kó "Akiwowo" ó sọ ọ́ di orin nípa ilé gogoro New York. Ó kó "Kiyakiya". Ó kó "Jin-Go-Lo-Ba". Kò dárúkọ Ọlátúnjí. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ wọ́n. Mo gbọ́ àwo náà, ó dùn, mi ò ní purọ́. Dídùn rẹ̀ gan-an ló ń bí mi nínú.

Santana ló tẹ̀ lé e ní 1969. Àwọn yẹn ò fi pamọ́ pé Áfíríkà ni ìlù náà ti wá. Wọ́n lu "Jingo" ní Woodstock lóṣù August ọdún yẹn, níwájú èrò tí ojú ò lè ká, wọ́n fi sí àwo wọn àkọ́kọ́, ó sì dé ipò 56 lórí àtẹ Billboard. Ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni orin yìí kọ́kọ́ mú ìlù wa wọ̀ létí, tí wọ́n wá ń wá Ọlátúnjí lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1979 Candido, onílù ọmọ Kúbà, sọ ọ́ di orin dísíkò. Ní 2004 Fatboy Slim ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún gbé e. Orin kan ṣoṣo, àwọn tó ń jó o ò mọ ara wọn, ohun tí wọ́n ń pè lẹ́nu náà ò yé wọn.

Ọlátúnjí kú ní California ní April 2003, ó ku ọjọ́ kan péré kó pé ọmọ ọdún 76.

Mo ka gbogbo èyí fún Rọ́kà látorí ìwé tí mo kọ ọ́ sí. Mo ti ń rò ó pé kó gbé korobá. Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló ni 'Akinla'? Dùùrù òyìnbó, fayolíìnì òyìnbó, olùkọ́ òyìnbó, Lọ́ńdọ̀nù ló sì ti kọ ọ́. Tó o bá ní ti Yorùbá ni torí pé ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́, a jẹ́ pé ti Mẹ́síkò ni 'Jingo' nìyẹn torí pé ọmọ Mẹ́síkò ló ta gìtá ẹ̀. Tó o bá sì ní ibi tí orin ti ṣẹ̀ ló ni ín, ta ló ni hàíláìfù? Ṣé Gánà ò ní wá gba tiwọn lọ́wọ́ ẹ?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ náà ká mi lẹ́nu. Fún ọjọ́ méjì mi ò rí èsì.

Ibi tí mo ti rí díẹ̀ nínú èsì náà ni ọ̀rọ̀ Paul McCartney. Ní 1973 ó kó ìyàwó rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Èkó láti wá ṣe àwo "Band on the Run", ní ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá. Wọ́n dá a lọ́nà, wọ́n gba téèpù tó gba àwọn orin rẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀ (Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́ láti ìgbà yẹn). Fẹlá, Aníkúlápó lọ́tẹ̀ yìí, ní ṣe ló wá jí orin aláwọ̀ dúdú kó. Kí ni McCartney ṣe? Ó gbé orin rẹ̀ sílẹ̀ fún Fẹlá kó gbọ́ ọ, kó lè rí i pé kò sí ohun tó jí níbẹ̀. Ó ní gbọ́ tèmi. Fẹlá kan náà yìí ni ò bínú sí Ginger Baker, onílù rọ́ọ̀kì tó wa ọkọ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà, torí ìyẹn jókòó tì í, ó bá a lùlù, wọ́n sì jọ kọ orúkọ sára àwo ní 1971.

Nítorí náà ohun tí mo sọ fún Rọ́kà ni pé kì í ṣe ẹni tó tún orin kọ ni mò ń bá jà. Ṣówándé mú orin Amu, ó dárúkọ Amu. Gainsbourg mú orin Ọlátúnjí, ó pa á lẹ́nu mọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni mo rí, mi ò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alhaji ló dájọ́, torí òun ni lọ́yà ọ̀la, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ní Mozart kò yẹ lẹ́ni tí à ń gbé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ bá. Ó ní mo jàre lórí ibi tí orin méjèèjì ti wá, Rọ́kà sì jàre lórí ìbéèrè rẹ̀, nítorí náà kí kálukú wa pọn omi ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ọjọ́ keje ló kù tí a ò tíì yanjú.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá bàbá mi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí bàbá náà kú, àpótí onígi kan bọ́ sọ́wọ́ bàbá mi pẹ̀lú ẹ̀rọ giramafóònù tó ti bàjẹ́. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n wà. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí oníkọ̀ǹdẹ̀mù kan ń kọjá lọ́jọ́ kan tí kò sí àgbà nílé. Mo gbé giramafóònù náà fún un, ó san ₦250. Ó ní owó náà ti pọ̀ jù, kí n fi nǹkan kún un fún òun. Mo kó àwo inú àpótí náà lé e lórí. Èènì ni mo fi wọ́n ṣe. Mo fi owó náà ra pọfù-pọfù àti súwíìtì.

Bàbá mi ò nà mí. Mo ti ń retí pàṣán, ìbá sàn kó nà mí. Ṣe ló jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó ń ka ohun tó wà nínú àpótí yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Haruna Ishọla. Handel. Túndé Nightingale. Jim Reeves, bí ẹ ṣe mọ̀ pé kò sí ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní Jim Reeves. Fẹlá Ṣówándé. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni bàbá òun kó sínú àpótí kan ṣoṣo tí kò fi nǹkan pín wọn níyà, pé tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, á pe gbogbo ọmọ jókòó, á ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀, á wá máa gbé e sílẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ orúkọ Ṣówándé. Mi ò gbọ́ orin rẹ̀ rí títí mo fi wọ yunifásítì, tí mo ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù.

Lálẹ́ ọjọ́ tí Alhaji dájọ́, mo pe bàbá mi. Mi ò sọ ìdí tí mo fi pè. Mo ní, "Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó parí." Mo wá gbé fóònù Rọ́kà sí ẹnu tèmi, "Akinla" sì ń lọ. Wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá mo ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń họ ọ́ lábẹ́lẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń ṣáájú fayolíìnì níbì kan.

Orin parí. Mo dúró.

"Ṣé iná wà lọ́dọ̀ yín?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní kò sí, sà.

"Báwo ni batiri fóònù yẹn ṣe kù sí?"

Mo wò ó. Mo ní ó ku mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Wọ́n ní kí n tún un gbé sílẹ̀.